Ẹ̀rọ Tí Kò Sinmi

Ará Ìṣẹ́yìn ni Tàjùdéèn, ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ẹja wa ní Oríòkè-Ìwàmímọ́. Ẹ̀rọ náà ló ń mú yàrá yìnyín tutù, kí ẹja má baà bàjẹ́. Bí o bá fẹ́ ìjà Tàjùdéèn, fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn.

Nígbà tí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ìlú etí omi le, ọkọ̀ tó ń gbé epo díísù wá láti Ìgbọ́kọ̀dá kò wá mọ́. Dúróòmù mẹ́ta ló kù. Àwọn tó sá wá láti apá Etikan sì kún gbogbo ilé, ẹja inú yàrá yìnyín ni gbogbo wa ń jẹ. Tàjùdéèn pa gbogbo gílóòbù, kí yàrá yìnyín nìkan máa lo epo. Ó tún ní kí Moríkẹ́, olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, kó ààrò wọn kúrò létí omi wá sí ẹ̀yìn yàrá náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí iná wọn kó yìnbọn sí wọn. Èmi tí mò ń ran àwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ náà yìn ín.

Àfi bí epo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ wìrìwìrì. Ẹ̀rọ tó máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó tó sinmi kò sinmi mọ́. Tàjùdéèn tú u, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, kò rí nǹkan kan. Ó ní olè ni, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúróòmù. Ó tiẹ̀ ń wo èmi náà tìfura-tìfura! Kí ni mo fẹ́ fi epo díísù ṣe? Orí rẹ̀ dàrú, ó sì da tèmi náà rú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹsàn-án tó ti ń ṣọ́ olè, ó rẹ̀ ẹ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́yìn yàrá yìnyín. Ó fò dìde. Ògiri náà gbóná bí ìkòkò ọbẹ̀, ààrò mẹ́fà ló tò tì í.

"Màmá! Ta ló ní kí ẹ gbé ààrò síbí?"

Moríkẹ́ yíjú sí i. "Ẹ̀yin kọ́ ni, Injiníà?"

Àánú Tàjùdéèn ṣe mí. Kò sí àyè níbòmíràn. Bí àwọn obìnrin náà bá padà sétí omi, ìbọn ń bẹ níbẹ̀; bí wọ́n bá dúró, ooru ààrò wọn kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi, epo á tán, ẹja á jẹrà.

"Ẹ jẹ́ ká yan gbogbo ẹ̀," ni Moríkẹ́ wí. "Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn."

Tàjùdéèn lọ sídìí ẹ̀rọ, ó padà, ó tún lọ. Nígbà tó ṣe, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Fún ìgbà àkọ́kọ́ a gbọ́ ìró òkun láti inú ilé iṣẹ́ náà.

Ó wá jókòó ti ààrò, ó ń yí ẹja padà, ó ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni òun ń ṣe níbí báyìí. Mo gbé agbọ̀n ẹja mìíràn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.