Ìyá Fèrèsé àti Ìgbìmọ̀ Tí Kò Jókòó

Ìyá Fèrèsé kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa, pẹ̀lú àpò oògùn arúgbó mẹ́fà ní èjìká. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ò purọ́, àmọ́ kò sọ ẹni tó di iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin lé ọkàn náà lórí.

Ẹgbẹ́ aláàánú kékeré ni tiwa. A dá a sílẹ̀ láti máa bẹ àwọn arúgbó tó ń dá gbé wò. Mẹ́tàlélógójì ló wà nínú ìwé, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń tọ́jú wọn. Màmá kan lẹ́yìn ilé ìwé ló sọ ọ́ ní Ìyá Fèrèsé. Etí Màmá ti di, kì í gbọ́ tí a bá kan ilẹ̀kùn, àmọ́ tí a bá kan fèrèsé tó jókòó tì, á rí òjìji ọwọ́, á sì dìde. "O tún ti rù sí i," ni yóò wí. "Ṣé wọn kì í fún ẹ lóúnjẹ níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣàánú ni?" Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí lónìí.

Ẹgbẹ́ wa ní ìgbìmọ̀ olùdarí o. Àwọn méje, fọ́tò wọn wà lára ògiri. Ìpàdé mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣe ní ọdún mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìpàdé ṣe wí. Mo kà á lẹ́yìn ìsìnkú: ẹni tó gbàdúrà, ẹni tó dá àbá, ẹni tó kín in lẹ́yìn. Àléébù kan péré ni pé ẹnikẹ́ni ò jókòó. Ìyá Fèrèsé ni wọ́n ní kó máa kọ ọ́, kó gbé e kiri kí wọ́n buwọ́ lù ú, torí ìjọba ń béèrè fún un. Ojú mi ló ṣe tí alága buwọ́ lu ìpàdé wákàtí méjì lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, kò tiẹ̀ pa mọ́tò.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ẹnì kejì tí òun lè kọ́ níṣẹ́. Ìdáhùn wà nínú ìwé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́: "Ìgbìmọ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ akọ̀wé, yóò gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀." Ìpàdé wo ló ń bọ̀? Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó ń kọ ìpàdé tí ẹnikẹ́ni ò ṣe. Ó ní, "Bọ̀dá, tí mi ò bá kọ ọ́, wọ́n á ti ẹgbẹ́ pa. Ta ló máa wá lọ kan fèrèsé?"

Ká má tan ara wa, ẹ̀bi náà kan èmi náà. Ó ní kí n yọ̀ǹda ọ̀sán kan lọ́sẹ̀, kí òun mú mi mọ ilé. Mo ní màá wá. Ọdún kan àbọ̀ nìyẹn. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, gbogbo wa la mọ òwe yẹn, a kàn ń wo ọwọ́ kan náà ni.

Níbi ìsìnkú, alága sunkún. Wọ́n ní àwọn máa gbé fọ́tò tirẹ̀ náà kọ́ ara ògiri. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Àmọ́ ère ò lè sọ fún wa ẹni tí etí rẹ̀ di.

Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Fèrèsé máa ń gbé oògùn lọ fún Màmá. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lọ síbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ kejì, wọ́n rán awakọ̀ alága. Ó kan ilẹ̀kùn títí, ó gbé oògùn padà, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé Màmá ò sí nílé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó yè é. Ó ń béèrè ohun tí òun ṣe tí Ìyá Fèrèsé fi ń bínú sí òun.

Mi ò fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Kí ìgbìmọ̀ jókòó ní gbọ̀ngàn àdúgbò, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí wọ́n ka ìwé ìpàdé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sókè lójú wa. Ẹni tó bá buwọ́ lu ohun tí kò jókòó fún, kó ṣàlàyé, kó sì dìde fún ẹni tó lè jókòó. Kí òpópónà kọ̀ọ̀kan yan èèyàn méjì tí yóò kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀ ṣáájú. Ó ti pẹ́ jù, mo mọ̀.

Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Èmi ni n ó lọ kan fèrèsé Màmá. Àwọn méjìlélógójì yòókù ńkọ́, alága? Ilẹ̀kùn ta ni awakọ̀ yín tún ń kàn?