Igi Ọsàn Tí Wọ́n Gé Nítorí Àgùàlà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, igi ọsàn àgbálùmọ̀ kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹdẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má rò pé nítorí adùn èso rẹ̀ ni mo ṣe ń rántí rẹ̀. Ìyá bàbá mi ló gbìn ín sórí ibi tí wọ́n sin ìwọ́ ọmọ wọn tó kẹ́yìn sí. Ọmọ dàgbà, igi náà dàgbà. Òyìnbó wá kó ọmọ lọ ru ẹrù ogun, ó wá ku igi nìkan. Ní àràárọ̀ ni ìyá àgbà máa ń gbá ìdí igi yẹn, wọ́n á sì kí i bí ẹni ń kí ènìyàn, pé ṣé ó jí dáadáa. Bí ewé rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀, wọ́n á ní ọmọ àwọn wà láàyè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rìn dé ìdíkọ̀ rélùwéè, lọ wò ó bóyá ọkọ̀ gbé e dé.

Nínú agbo ilé wa yìí náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Akọ̀wé ni gbogbo ilé ń pè é. Ó ní kámẹ́rà onígi kan, irú èyí tí wọ́n ń ti dígí bọ̀ nínú, ó sì máa ń fi ya àwòrán ènìyàn bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló wá fún un ní awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ohun tó wà lójú ọ̀run. Látìgbà náà, ojú ènìyàn kò jọ ọ́ lójú mọ́. Àgùàlà ló fẹ́ yà, ìràwọ̀ ńlá tó máa ń yọ ní ìwọ̀ oòrùn bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, tí àwa ọmọdé ń pè ní ajá oṣù nítorí pé ó máa ń bá oṣù rìn.

Ó mọ òpó amọ̀ kan sí ẹ̀yìnkùlé kí awò náà má baà máa gbọ̀n, ó de awò mọ́ orí òpó, ó so kámẹ́rà mọ́ ìdí awò. Ìgbà tó ṣe gbogbo rẹ̀ tán ló tó rí i pé igi ìyá àgbà ló wà láàárín òun àti Àgùàlà. Bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni ìràwọ̀ náà ń rẹlẹ̀ sí i. Akọ̀wé ní bó ṣe ń rẹlẹ̀ ló ń tóbi nínú awò, àti pé láìpẹ́ kò ní í yọ nírọ̀lẹ́ mọ́, àfi ní òwúrọ̀. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gé igi náà. Ìyá àgbà ní ojú ọ̀run fẹ̀, kó gbé awò rẹ̀ lọ sí ọ̀nà oko. Ó ní òpó ti gbẹ, kò ṣeé gbé. Ìyá àgbà wò ó látòkè délẹ̀.

"Òpó tí o mọ níjẹta ni kò ṣeé wó, igi ọmọ mi ló wá ṣeé gé?"

Ẹ ò rí ọ̀lẹ? Ẹni tí kò fẹ́ po amọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ló bá gba ẹ̀yìn lọ bá baálé ilé wa. Baálé agbo ilé kejì ti lọ ya àwòrán ní Òṣogbo, ó gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí sì ti ń jẹ baálé tiwa lọ́kàn bí ikán. Akọ̀wé ní òun yóò ya tirẹ̀, kó tóbi ju ti ọ̀hún lọ, bí ó bá yọ̀ǹda igi. Baálé ní igi tó bá wà nínú agbo ilé, ti agbo ilé ni. Ẹ ó rí i pé n kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bó ṣe yẹ àgbà. Ọjọ́ tí wọ́n gé igi náà ni mo ti jáwọ́ ńbẹ̀.

Wọ́n dúró di ìgbà tí ìyá àgbà lọ sí oko ní ìhà Alájuè. Èmi wà nílé. Igi náà kún fún èso tí kò tíì pọ́n, ẹ sì mọ bí oje rẹ̀ ṣe máa ń rí, funfun bí omi ọmú. Oje yẹn ń ṣàn lára èèpo, ó ń lẹ̀ mọ́ àáké, eṣinṣin bò ó. Láàárín èso tó fọ́ sílẹ̀ yẹn ni baálé gbé àga sí, tòun ti agbádá sányán nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó gbé àyà síta, ó ń béèrè bóyá fìlà òun tọ́. Títí di òní, bí mo bá rántí ìjókòó yẹn, itọ́ máa ń kún mi lẹ́nu.

Ìyá àgbà dé nírọ̀lẹ́. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n wo kùkùté náà, wọ́n wá kọjú sí baálé.

"Ṣé ẹ ti ya àwòrán yín tán?"

Baálé ní òun ti yà á tán. Ìyá àgbà ní ó dáa, wọ́n sì wọlé. Láti ọjọ́ náà, wọn kò lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè mọ́. Wọ́n kó aṣọ ọmọ náà fún ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, bí ìyá tó ti sin ọmọ rẹ̀.

Nígbà tó yá, Akọ̀wé gbé àwòrán Àgùàlà rẹ̀ jáde, gbogbo ilé sì péjọ. Bébà dúdú ni. Ohun funfun kan wà láàárín rẹ̀, ó tẹ̀ bí èékánná tí wọ́n gé lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́. Oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni lójú gbogbo wa. Ta ni kò mọ oṣù?

"Akọ̀wé lọ dọdẹ ajá," ni ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wí, "alájá ló gbé bọ̀."

Ẹ̀rín sọ. Akọ̀wé ń búra pé Àgùàlà ni, pé bó ṣe rí nínú awò nìyẹn. Baálé pè é ní òpùrọ́. Ohun tó rí mi lára jù nìyẹn: irọ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ bá a jà. Kò sí ẹni tó bá a jà nítorí igi. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé e lọ síṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ó sì kó awò rẹ̀ lọ. Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún náà ló wó òpó amọ̀ lulẹ̀.

Àbúrò bàbá mi tó ni igi náà kò padà wálé. N kò sọ pé igi ló pa á. Ogun pa ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò gé igi wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá àgbà kú láìretí ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí èmi náà ti bímọ, tí ọmọ mi kan ti di olùkọ́, ló fi hàn mí nínú ìwé pé Àgùàlà náà máa ń lé bí oṣù, á kún, á tún dín, ojú lásán ni kò lè rí i. Òótọ́ ni Akọ̀wé sọ. Ọmọ mi rò pé inú mi yóò dùn. Mo ní mo ti gbọ́. Òótọ́ tí wọ́n gé igi ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n tó rí i, kí ni kí n fi ṣe?

Ayé ti yí. Nígbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ní kámẹ́rà nínú agbo ilé, lónìí kò sí ẹni tí kò ní. Mo lọ síbi ìsìnkú kan láìpẹ́ yìí, ayàwòrán tẹ ẹsẹ̀ àwọn àgbà kọjá dé etí ibojì, ó ní kí ọmọ olóòkú yíjú sí oòrùn kó tún sunkún. Ọmọ náà yíjú, ó sì tún sunkún. Mo bá dìde, mo gba ilé lọ.

Ẹ yà sí ẹ̀yìnkùlé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àgùàlà ṣì ń yọ níbẹ̀ bí àsìkò rẹ̀ bá tó. Kò sí ohun tó dí i mọ́, ẹ ó rí i kedere láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Àwọn ọmọ ọmọ mi ní ó rẹwà. Èmi kì í wò ó. Ó ń rí mi lára.