Ilé Tútù Tí Alhaji Gba Sáfíkéètì Fún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi lónìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ìdílé mi ni mo fẹ́ sọ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Ọmọ Ìlọrin ni mí, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí mi sí. Hayin Banki ni èmi, ọkọ mi àti Sùlìyá ọmọ wa ń gbé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀, ẹ mọ bí ilé ṣe fún mọ́ra. Tó bá di àsìkò ooru, páànù orí ilé wa á gbóná bí agbada! Ọkọ mi á ti ibi iṣẹ́ dé láti Kudenda, kò ní lè wọ yàrá. Ìta ni á jókòó sí, tí á máa fi páálí fẹ́ ara rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tínú wa fi dùn nígbà tí ẹnì kan sọ fún wa nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa pé Alhaji Sálíù ní ilé òkè kan tó ṣófo ní Ungwan Dosa. Ara wa náà ni Alhaji, oníṣòwò ni, ó ti rìnrìn àjò débi tó pọ̀, ó sì fẹ́ràn kó máa sọ ohun tó rí lọ́hùn-ún.

Ọ̀sán gangan la lọ wo ilé náà. Oòrùn ń ta bí ata. Alhaji ṣílẹ̀kùn báyìí, otútù ló pàdé wa! Iná ò sí o, ẹ̀rọ amúlétutù ò ṣiṣẹ́. Mo wo ọkọ mi, òun náà wò mí.

Alhaji bú sẹ́rìn-ín. Ó fi gíláàsì wíńdò hàn wá, ó nípọn, kì í ṣí rárá, kí otútù má bàa jáde. Ó fi ihò atẹ́gùn òkè ògiri hàn wá, ó ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo wọn pa. Ó ní fóòmù ló kún inú àjà òkè yàrá, kí ooru má bàa wọlé. Lẹ́yìn náà ló mú wa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó nawọ́ sí férémù kan lára ògiri. Lẹ́tà A ràgàjì wà láàárín ìwé inú rẹ̀, wọ́n fi àwọ̀ ewé kọ ọ́.

Ó ní sáfíkéètì nìyẹn, tó ń jẹ́rìí pé ilé òun kì í jẹ iná mànàmáná púpọ̀. Ó ní nílùú òyìnbó, òfin ni, onílé ò gbọdọ̀ tà, kò sì gbọdọ̀ fi ilé háyà láìní i lọ́wọ́. Ó ní òfin náà ń bọ̀ ní Nàìjíríà, òun ò fẹ́ kó bá òun lójijì.

Ọkọ mi wá bi í pé, “Alhaji, àwọn wo ló wá yẹ ilé yìí wò?”

“Haba! Ta ló tún ń wá? Ẹ̀ńjínnìa kan ní Àbújá ni. Mo fi fọ́tò ilé ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, òun náà sì fi sáfíkéètì ránṣẹ́.”

A rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi o, àwa náà rẹ́rìn-ín!

Bá a ṣe kó wọlé nìyẹn. Ká má parọ́, ilé náà dùn ún gbé níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Hayin Banki tó wá kí wa, wọn kì í fẹ́ dìde lọ. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ló wà, nínú yàrá kékeré kan tí Alhaji kọ́ mọ́ ara ilé kí ariwo rẹ̀ má bàa yọ àwọn ará àdúgbò lẹ́nu. Páìpù èéfín rẹ̀ gba ara ògiri jáde sí ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Danladi, mai gadi tó ń ṣọ́ ilé wa, ló máa ń tàn án tí wọ́n bá ti mú iná lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó là wá lójú ni ti àkùkọ kan tí ọ̀rẹ́ ọkọ mi fún wa. A so ó sínú kíńṣìnnì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti kú, ó la ẹnu sílẹ̀. Kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Ọkọ mi ní àrùn adìẹ ló ń jà nígboro, ó gbé e sọnù.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá ọkọ mi ti Ìlọrin dé, kí dókítà lè yẹ ojú wọn wò. A fún Màmá ní yàrá inú, nítorí ibẹ̀ ló tutù jù. Àṣé orí jẹnẹrétọ̀ gan-an ni yàrá yẹn dúró sí! Wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà fún wa títí. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di orí mú.

“Ìyá Sùlìyá, orí ń fọ́ mi. Yàrá yìí ń tẹ̀ mí láyà.”

Mo fún wọn ní oògùn ibà. Sùlìyá náà bì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Èèbì gbé èmi náà. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kì í ṣe pé aṣọ ọmọ ló yẹ kóun máa rà? Kí n má tan yín, mo ti ń retí rẹ̀ lọ́kàn mi!

Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó ń gbé ní Kawo ní tirẹ̀ sọ pé ayé ló ń wò wá. Ó ní ta ló máa kúrò ní Hayin Banki bọ́ sí Ungwan Dosa tí inú ò ní bí èèyàn sí? Ó mú alfa kan wá. Alfa jókòó pẹ́ nínú yàrá Màmá, jẹnẹrétọ̀ ń dún nísàlẹ̀, ó ń ka Kùránì. Nígbà tó máa dìde, ó gbá ògiri mú. Ó ní nǹkan tó wà nínú ilé yìí wúwo, ó ti di òun lórí.

Màmá lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Kawo, ara wọn yá kíá. Wọ́n padà dé, orí tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn. A wá sọ pé ẹ ò rí i, inú ilé yìí gan-an ni ọ̀tá wà! Òótọ́ la sọ, a kàn ń wá ọ̀tá ọ̀hún lára èèyàn ni.

Ọjọ́ Sátidé kan ni òjò ńlá ṣú lọ́sàn-án. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Ìjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú iná lọ, Danladi tan jẹnẹrétọ̀. A ti ilẹ̀kùn pa nítorí òjò. Mo wà ní kíńṣìnnì, mò ń gé àlùbọ́sà. Sùlìyá wà ní pálọ̀, ó ń ka iṣẹ́ ilé-kéwú rẹ̀ sókè. Màmá ń kí ìrun Àsárì nínú yàrá.

Mo kàn dédé gbọ́ pé Sùlìyá dákẹ́. Mo yọjú, mo rí i tó ti sùn lé ìwé. Mo ní ọmọdé ni, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi dìde mọ́. Ọkàn mi wí fún mi pé kí n sinmi díẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn. Ó dùn mọ́ mi! Ẹ̀rù ìyẹn ló ṣì ń bà mí jù títí dòní.

Orúkọ Màmá ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo fi ọwọ́ àti eékún wọ́ dé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. Wọ́n wà lórí ẹní ìrun, nínú ìforíkanlẹ̀. Mo ní kí n má dá ìrun wọn dúró. Mo dúró, mo dúró, wọn ò gbé orí sókè.

“Màmá!”

Wọn ò mira.

Mo ti wíńdò, wíńdò tí kì í ṣí! Mo wọ́ padà sí kíńṣìnnì, mo mú ọmọ odó. Mi ò mọ ibi tí agbára ti wá. Mo fi gbá gíláàsì pálọ̀, kò fọ́. Mo tún gbá a, ó sán. Ìkẹta ló fọ́ bàràbàrà, òjò àti atẹ́gùn sì ya wọlé lù mí lójú. Mo gbọ́ tí Danladi pariwo nísàlẹ̀, “Subhanallahi! Hajiya, lafiya?”, pé ṣé àlàáfíà la wà. Lẹ́yìn náà, mi ò mọ nǹkan kan mọ́.

Ọsibítù ni mo lajú sí. Ọkọ mi jókòó tì mí, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo bi í léèrè Sùlìyá, ó ní ó ti ń bèèrè oúnjẹ. Mo bi í léèrè Màmá. Ó ní kí n kọ́kọ́ sinmi ná.

Dókítà bi wá pé níbo ni jẹnẹrétọ̀ wa wà. Ó ṣàlàyé pé nínú èéfín rẹ̀, nǹkan olóró kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, oorun ni á fi gbé èèyàn lọ. Ọkọ mi padà lọ yẹ ilé wò, ó bá a pé páìpù yẹn ti là nínú ògiri, inú ilé ló ń tú sí. Ilé náà ò sì ní ihò kankan tó lè gbà jáde.

Ọkọ mi lọ bá Alhaji. Alhaji ní òun bá wa kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ilé òun ní sáfíkéètì! Ó ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Ọkọ mi ní, “Alhaji, Ọlọ́run kọ́ ló fi sìmẹ́ǹtì dí ihò yẹn.”

A lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ gbọ́ wa dáadáa. Ó ní ìlànà lórí bí ilé ṣe ń lo iná wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí onílé gbígbé kan tí wọ́n fi dandan mú níbí pé kó gba sáfíkéètì rẹ̀ kó tó fi ilé háyà. Ó ní ẹni tó bá sì máa fúnni nírú rẹ̀, àfi kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé náà. Àwọn ò mọ ẹni tó fọwọ́ sí ti Alhaji rí. Ó wá sọ pé kò sí ìwé iná kan tó lè gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ayálégbé. Wíńdò tó ń ṣí ló wà nínú pláànù tí Alhaji fi gba àṣẹ ìkọ́lé, ẹ̀yìn ìgbà náà ló yí i padà. Wọ́n ní àwọn máa wá wò ó.

Kí wọ́n tó wá, Alhaji ti pààrọ̀ gíláàsì tí mo fọ́, ó ti kó tọkọtaya kan wọlé! Ojú ẹsẹ̀ tí mo gbọ́ ni mo dìde. Mo lọ kanlẹ̀kùn wọn. Ìyàwó ló yọjú, ó pọn ọmọ jòjòló. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní Hausa. Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.

“Wallahi, tun da muka shigo gidan nan kaina yake ciwo.”

Àtìgbà tí wọ́n ti wọlé lorí ti ń fọ́ ọ! Mo ní kó tú ọmọ yẹn wò. Ó tú u, ọmọ ń mí, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Kò dúró mú bàtà. A jọ sáré sọ̀kalẹ̀ ni, ó di ọsibítù. Ọmọ náà yè, Alhamdulillahi.

Ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí géètì ilé náà báyìí, wọ́n ti tì í pa. Ẹjọ́ ṣì ń lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi pé Alhaji tún ti ń kọ́ òmíì lójú ọ̀nà Kudenda, pé ògiri ti ga tán, àwọn ò sì tíì rí ojú ihò atẹ́gùn kan lára rẹ̀.

Màmá ò kú. Wọ́n wà ní Ìlọrin. Ara wọn le, wọ́n ń jẹun. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n fi ń pè mí. Wọ́n á ní kí n tètè máa bọ̀, kí ilẹ̀ má ṣú bá mi lóko. Mo máa ń dáhùn pé, “Mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìwé ara ògiri ò lè mí fún yín o. Bí onílé bá ní ilé òun ti gba sáfíkéètì, ẹ bi í pé ta ló wọlé wá wò ó? Ẹ ṣí wíńdò wò kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ wá ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ jáde síta ná, kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó ń ṣe yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹ ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ẹni tórí ń fọ́ lọ́wọ́ báyìí lè rí i kà.