Òkúta Àlùwàlá

Mò ń dirun fún ọmọ mi Sìdí ní ìloro ilé wa ní Ọgbà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí fóònù mi dún. Ràfátù ni, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tó ń ránṣọ lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tó wà ní àárín gbùngbùn Agége. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló kọ, kò sì fi àmì kankan sí i: "Won ti wo mosalasi."

Inú mi dùn. Ògiri mọ́ṣáláṣí náà ti là, àwọn àgbà sì ti ní àwọn máa pe bíríkìlà wá wò ó, bóyá ó ṣeé tún ṣe. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, wọ́n á wó o. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà kí n kọ́kọ́ wá gbé òkúta ìyá àgbà mi. Wọ́n ti wò ó nìyẹn, mo wí sínú. Mo kọ ọ́ sí Ràfátù pé, "Alhamdulillahi! Mò ń bọ̀ ní Jímọ̀." Mo ń bá irun Sìdí lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ òkúta yẹn, ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀. Ìyá tó bí bàbá mi gbé e láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀lé ọkọ wọn bọ̀ l'Ékòó nínú bọ́lẹ̀kájà. Òkúta pẹlẹbẹ ni, òun ni ìyá wọn ń gbé wọn lé ní kékeré tí wọ́n bá ń wẹ̀ wọ́n lẹ́yìnkùlé. Àwọn èrò ọkọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó, ṣé kò sí òkúta l'Ékòó ni?" Wọ́n ní, "Ó wà. Kò mọ ẹsẹ̀ mi ni." Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹrẹ̀ ń ba ẹsẹ̀ àwọn obìnrin jẹ́ níbi àlùwàlá, wọ́n fi í ta mọ́ṣáláṣí lọ́rẹ.

Gbogbo Jímọ̀ tí a bá wà ní họlidé ni wọ́n ń mú mi lọ. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ kí wa. Páànù mọ́ṣáláṣí náà ti pọ́n bí epo, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kúrú débi pé ẹni gíga á ti tẹríba kó tó dé orí ẹní. Ìyá àgbà á gbé mi lé òkúta, wọ́n á máa fi kẹ́tù da omi sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn obìnrin ti gbẹ́ kòtò kékeré méjì sí i lára. Mo máa ń rò pé ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàn sí. Lọ́jọ́ kan tí mo ti jí ẹran jẹ láàárọ̀, mo kọ̀, mi ò sọ̀ kalẹ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀ jàre," ni wọ́n wí, "àbí kí lo jí jẹ tí omi kẹ́tù kan ò fi tó?"

Ẹ̀rín pa àwọn obìnrin. Mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́.

Ìyá àgbà kú nígbà tí mo wà ní girama. Wọn ò fi fọ́tò kankan sílẹ̀. Òkúta yẹn nìkan ni mo lè nawọ́ sí pé, Sìdí, ìyá ńlá rẹ rè é.

Nígbà tí Jímọ̀ pé, mo mú Sìdí lọ. Níbi tí mo ti ń retí páànù pupa, ojú ọ̀run ni mo rí.

"Ràfátù, o ní wọ́n ti wò ó!"

"Ta ló sọ wò? Wó ni mo wí! Wọ́n wó o!" Ojú rẹ̀ pọ́n. "Bíríkìlà ní ó lè wó pa èèyàn, wọn ò dúró mọ́. Mo ti òkúta yẹn títí, ó ti rì mọ́lẹ̀, kò mì. Mo kọ̀wé sí ẹ kí o lè sáré wá, ìwọ ń kọ Alhamdulillahi! Mo ní ọkàn rẹ ti kúrò níbẹ̀ ni."

Típà ti kó gbogbo àwókù lọ láti Ọjọ́rú, tòun ti òkúta náà, kò sì sẹ́ni tó mọ irà tí wọ́n lọ fi dí. Mi ò lè bá Ràfátù jà. Èmi náà kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ á ní táìlì àti omi ẹ̀rọ, ó sì dáa, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní kan ẹrẹ̀ mọ́. Ládànì ṣì pe ìrun ní àkókò rẹ̀, òórùn búrẹ́dì ṣì gba afẹ́fẹ́, àwọn obìnrin sì tẹ́ ẹní wọn sórí yanrìn. Ìyá àgbà mi nìkan ni mi ò rí ibi tí mo máa nawọ́ sí.

Mo bọ́ bàtà Sìdí, mo da omi sí i lẹ́sẹ̀. Bó ṣe tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, yanrìn bò ó.

"Mọ́mì, kò mọ́ o. Òkúta tí ẹ sọ ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ti lọ. Èmi ni mi ò tètè dé."

Mo bọ́ bàtà tèmi náà.

"Wá," mo ní, "dúró lé ẹsẹ̀ mi."