Àwòrán Òkùnkùn

Ọ̀gá Òkùnkùn ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi kámẹ́rà ya àwòrán ẹran ara tí àwọn dókítà bá gé lára aláìsàn. Wọ́n á ti fi aró kùn ún, kí ibi tí àrùn bá wà lè máa tàn. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé ẹran kankan síbẹ̀, á kọ́kọ́ fi ìdérí irin bo ojú kámẹ́rà, á ya òkùnkùn lásán. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gá, ṣé òkùnkùn tòní rẹwà?"

Kì í bínú. Á ní ègé kan wà nínú kámẹ́rà náà tí kò ju èékánná lọ, sẹ́nsọ̀ ni wọ́n ń pè é, àìmọye abọ́ tí ojú kò lè rí ló sì wà lórí rẹ̀. Abọ́ wọ̀nyí ń gbe ìmọ́lẹ̀ bí abọ́ ìta ṣe ń gbe òjò. Bí ó bá pọ̀ jù, á kún dà sínú ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ á ka ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òǹkà yẹn ló ń di àwòrán. Àmọ́ ooru ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ a máa sọ nǹkan sínú abọ́, bí ìmọ́lẹ̀ kò tilẹ̀ sí. Nítorí náà ni fáànù fi ń fẹ́ ẹ, tí òun sì fi ń ya òkùnkùn, kí ó lè yọ irọ́ ooru kúrò nínú àwòrán gidi. Ẹni tó fẹ́ wọn iyọ̀ ń kọ́kọ́ wọn abọ́ tó ṣófo ni.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ẹran ara àbúrò rẹ̀ obìnrin dé. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí. Ohun tí ó ń fi sùúrù ṣe fún ọmọ olọ́mọ, ó fi ìkánjú ṣe fún ọmọ ìyá rẹ̀. Ó ti gbé gíláàsì ẹran náà síbẹ̀, ó ti tan iná sí i, kó tó rántí pé òun kò tíì ya òkùnkùn. Ó sọ ìdérí lé ojú kámẹ́rà, kò wò ó bóyá ó dé dáadáa. Ó ya òkùnkùn, ó ṣí ìdérí, ó ya ẹran náà, ó sì yọ òkùnkùn kúrò nínú rẹ̀. Àwòrán tó jáde dúdú kirikiri.

Ó sáré lọ sílé àbúrò rẹ̀. "Òkùnkùn ni," ló wí. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Wọ́n sunkún ayọ̀, dókítà sì ní kò nílò oògùn mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ara ẹnikẹ́ni bá le nínú ilé yẹn, òkùnkùn ni wọ́n ń pè é.

Kí ọdún tó yí po, ìrora náà padà dé. Dókítà ní kí wọ́n tún àwòrán àkọ́kọ́ wò. Ọ̀gá Òkùnkùn ṣí òkùnkùn tó yà lọ́jọ́ náà, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí. Òkùnkùn náà ń tàn. Ìmọ́lẹ̀ ti gba abẹ́ ìdérí wọlé, àrùn náà sì wà níbẹ̀ kedere. Ó ti wọn abọ́ tòun tiyọ̀, ó sì ti yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Àbúrò rẹ̀ jókòó tì í nígbà tó sọ fún un. Kò fi ìkankan pamọ́. Obìnrin náà wo àwòrán náà títí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ká ní ẹ rí i nígbà yẹn, ṣé oògùn ìbá kápá ẹ̀?"

Ó fẹ́ parọ́, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. "Dókítà ní ìbá kápá ẹ̀."

Kò pariwo. Ì bá sàn fún un ká ní ó bú òun. "Ẹ bá mi pe bàbá àwọn ọmọ," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ sọ tàkọ́kọ́ fún wa."

Ó pè é. Àna rẹ̀ ti ń dúró de ìpè náà, kò jẹ́ kó dún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní òkùnkùn ni."