Sájẹ́ǹtì Sàlàkọ́, Àna Mi ní Ẹ̀pẹ́

Kí n tó fojú kan bàbá ìyàwó mi, odindi oṣù mẹ́fà ni ẹ̀rù wọn fi bà mí. Sọ̀fíyàt ti sọ fún mi pé sójà ni bàbá òun, pé wọ́n ja ogun abẹ́lé, wọ́n sì fẹ̀yìn tì ní sájẹ́ǹtì. Èmi Oyèdèjì, ọmọ Ọ̀yọ́, tíṣà ìṣirò tó háyà yàrá kan ní àdúgbò Benson n'Íkòròdú, n kò bá ẹnikẹ́ni jà rí àyàfi àbúrò mi obìnrin, òun náà ló sì nà mí.

Lọ́dún 2003, mo wọ mọ́tò ní Gáréèjì Ìkòròdú, mo lọ fojú hàn ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mo dé ilé wọn, mo bá bàbá gíga kan lórí àpótí, wọ́n ń ha ìpẹ́ ẹja. Mo rò pé òṣìṣẹ́ ilé ni. Mo kí wọn, mo bèèrè bóyá ọ̀gá wà nílé. Wọ́n wò mí tòkè tilẹ̀, wọ́n ní ọ̀gá ń bọ̀, kí n jókòó. Kò pẹ́ tí ìyá Sọ̀fíyàt jáde. Bàbá fi ọbẹ tọ́ka sí wọn.

"Ọ̀gá nìyẹn."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Sájẹ́ǹtì Sàlàkọ́ fúnra wọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ìpẹ́ ẹja, pẹ̀lú aṣọ funfun tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Nígbà tí a jẹun tán, mo tún bèèrè ìbéèrè òmùgọ̀: èèyàn mélòó ni wọ́n pa lójú ogun? Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kúùkù ni àwọn, ìkòkò làwọn gbé lọ sógun. Oúnjẹ làwọn ń gbé lọ fáwọn tó wà níwájú tí ọta fi bá àwọn nítan. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n ní nínú àwọn tí àwọn bu oúnjẹ àárọ̀ fún, ọ̀pọ̀ ni kò padà wá jẹ talẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi fọwọ́ kan oúnjẹ nínú ilé wọn títí gbogbo ará ilé yóò fi jẹun.

Wọ́n fún mi lọ́mọ. Lọ́dún 2005, rọpárọsẹ̀ kọlu Ìyá. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn mọ́. Bàbá ń wẹ̀ fún wọn, wọ́n ń fọ aṣọ wọn, wọ́n ń di irun wọn. Irun náà kì í jọ irun, ṣùgbọ́n wọ́n ń dì í. Láràárọ̀, wọ́n á mú Ìyá jáde sí ọ̀nà etí ọ̀sà, wọ́n á máa ka ẹsẹ̀ fún wọn bí ti bárékè: lẹ́fì, ráìtì. Aládùúgbò kan, Bísíríyù, ní kí wọ́n jẹ́ káwọn ọmọbìnrin wọn wá ṣe é, pé iṣẹ́ obìnrin ni. Bàbá ò bínú.

"Ogún ọdún ló fi dúró dè mí nígbà tí mo wà ní bárékè. Ṣé n kò lè dúró dè é kó rìn dé etí ọ̀sà ni?"

Èmi náà ṣe bí ọkùnrin, mo ní màá máa wá ṣèrànwọ́ ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀bà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀, kókó inú rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀bà lọ. Bàbá jẹ ẹ́ tán, àmọ́ láti ọ̀sẹ̀ kejì, àga ni wọ́n ń gbé fún mi kí n jókòó, wọ́n á tẹ ẹ̀bà fúnra wọn.

Sátidé kan, ibà gbé Bàbá dè, wọ́n fa Ìyá lé mi lọ́wọ́. A ò tíì kúrò níwájú ilé tí mo fi pe ráìtì nígbà tó yẹ kí n pe lẹ́fì. Ẹsẹ̀ mi kọ́ ti Ìyá, àwa méjèèjì sì jókòó pàà sórí iyanrìn. Mo rò pé mo ti pa ìyá oníyàá. Ni Ìyá bá rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ tó já gaara fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin:

"Oyèdèjì, ṣé ìṣirò yìí lo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Bàbá gbọ́ ohùn wọn láti inú ilé. Wọ́n di ògiri mú jáde, wọ́n jókòó tì wá lórí iyanrìn, omijé ń bọ́ lójú wọn.

Bàbá kú lọ́dún 2008. Ìyá fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ẹnu ọ̀nà láti sìn wọ́n jáde. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa Bàbá. Ojú ìwé mẹ́ta ni mo kọ. Mo ka ìlà kan, ẹkún gbọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Sọ̀fíyàt gba ìwé náà, ó kà á délẹ̀. Títí di òní, tí mo bá dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n ṣì ń yin ìyàwó mi pé ó kọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. N kò tíì rí ẹni tó gbà pé èmi ni mo kọ ọ́.