Ìtẹ̀ Ọgbọ̀n, Èémí Méjì

Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàfò, sítọ́ọ̀ ni mánẹ́jà kọ́kọ́ mú mi lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n to táwẹ́lì sí, ó sì ní kí n má fọwọ́ kan ohun tó wà lórí pákó lẹ́yìn. Aṣọ funfun ni wọ́n fi bò ó. Mo rí ibi tí imú àti àgbọ̀n ti gbé aṣọ náà sókè. Mo wá ẹsẹ̀, mi ò rí ẹsẹ̀.

"Ọmọláńgidi ni," ni mánẹ́jà wí, nígbà tó rí i pé mo ti sún sẹ́yìn. "Wọ́n máa fi kọ́ yín níṣẹ́ ni. Kò ní jẹ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ irú wa. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Ifọ̀ kí n tó kúrò nílé ìwé, ojú sì máa ń tì mí débi pé tí oníbàárà bá béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìka ni mo fi ń júwe rẹ̀. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu, torí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó wá lúwẹ̀ẹ́, mo ń fún wọn ní táwẹ́lì, mo sì ń fi àwọ̀n onígi gígùn kó ewé kúrò lójú omi. Púùlù ni gbogbo wa ń pe omi náà. Láàárọ̀ ìgbà ọyẹ́, ìkùukùu máa ń bò ó bí èéfín. Màá dúró létí rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n lọ́wọ́, mi ò ní rí ìsàlẹ̀. Mo máa ń rò ó pé, bí ẹnìkan bá wà níbẹ̀ láti àná, ta ló máa mọ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì wá kọ́ wa. Àǹtí Nọ́ọ̀sì là ń pè é. Ó ká aṣọ funfun náà kúrò. Orí àti àyà nìkan ni ọmọláńgidi náà ní. Rọ́bà ni, àwọ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n bí eyín arúgbó, ojú rẹ̀ padé, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Bí èèyàn bá tẹ àyà rẹ̀ wọlé dáadáa, nǹkan kan á dún nínú rẹ̀: kẹ̀ẹ́. Bí ìtẹ̀ náà kò bá wọlé tó, á dákẹ́.

"Sí-pí-ààrù ni wọ́n ń pè é," ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dúró, ọwọ́ yín ló máa ṣe iṣẹ́ ọkàn fún un. Tó bá jẹ́ omi ló mú un, ẹ kọ́kọ́ dí imú rẹ̀, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà ọgbọ̀n, ẹ tún fẹ́ èémí méjì. Ẹ má sinmi títí yóò fi máa mí fúnra rẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá, tó ń ṣọ́ púùlù, kò tilẹ̀ dìde lórí àga rẹ̀. "Àǹtí, mo ti ń yọ èèyàn nínú odò Ògùn kí wọ́n tó ṣe rọ́bà yìí. Ẹ jẹ́ kí Síkírá fẹnu ko ọkọ rẹ̀ lẹ́nu."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi ń ka ìtẹ̀ náà. Gẹ̀ẹ́sì tèmi kì í yá, ni mo bá fi Yorùbá kà. Ó ń lọ dáadáa títí mo fi dé ẹẹ́ẹ̀dógún. Nígbà tí mo máa fi pe ẹẹ́rìndínlógún tán, ọwọ́ mi ti dúró ó ń retí ẹnu mi. Ọmọláńgidi dákẹ́.

"Ó ti kú," ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹẹ́rìndínlógún ló pa á." Ó tún ọwọ́ mi gbé. "Má lọ síbi tí òǹkà ti gùn. Kà á dé ẹẹ́wàá, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Kà á síta kí n gbọ́."

Kó tó lọ, ó kìlọ̀ nǹkan méjì fún wa. Ó ní ẹni tó bá mí kíákíá léraléra kó tó wọ abẹ́ omi lè dákú síbẹ̀ láìjà rárá, torí ara rẹ̀ kò ní mọ̀ pé èémí ti tán. Ó tún ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró ṣì lè máa la ẹnu, kó máa mí gúlọ́gúlọ́ bí ẹja tó wà lórí ilẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe èémí. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ."

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kó táwẹ́lì tán nírọ̀lẹ́, màá ti ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, màá sì máa tẹ àyà rọ́bà náà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí mi. Ní ọ̀sán tí oòrùn bá mú, mo máa ń gbọ́ kẹ̀ẹ́ láti inú sítọ́ọ̀ nígbà tí kò sí ẹnìkankan níbẹ̀. Mánẹ́jà ní ooru ló ń na rọ́bà. Ó ṣeé ṣe. Síbẹ̀, kí n tó wọlé, mo máa ń sọ pé, "Ẹ kú ilé o."

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan wá láti Ajùwọ́n. Màmá Ìjọ wọn ló kó wọn wá, obìnrin gíga kan tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Nǹkan bíi aago méjì ọ̀sán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í díje ẹni tó máa pẹ́ jù lábẹ́ omi. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dáre ti borí gbogbo wọn, ó sì tún fẹ́ pẹ́ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe pẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó jókòó létí púùlù, ó ń mí kíákíá, hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀, bí ajá tó sáré nínú oòrùn. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú táwẹ́lì. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Mo mọ ohun tó lè fà.

"Bọ̀ọ̀dá," ni mo wí wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ má mí báyẹn."

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Kí lẹ wí?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. "Kò sí nǹkan," ni mo dáhùn.

Ó wọ omi lọ.

Wọ́n ń kà á sókè. Nígbà tó kọjá ibi tó dé tẹ́lẹ̀, wọ́n hó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ń wò ó nísàlẹ̀, ó dojú délẹ̀, apá rẹ̀ kan dìde, ó ń mì lọ, ó ń mì bọ̀.

"Ẹ wò ó, ó ń juwọ́ sí wa!" ni ọmọbìnrin kan kígbe.

Omi ló ń mì ín. Mo rò pé ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé apá náà kò yára, kò sì falẹ̀. Bákan náà ló ń ṣe. Àwọn tó ń kà dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹnìkan ṣoṣo tó ń kà, lẹ́yìn náà òun pẹ̀lú dákẹ́. Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá fò wọlé.

Ó gbé e jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń ṣe fún ẹni tí omi mú lòun náà ṣe: ó gbá a mú lẹ́sẹ̀, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ń gbọ̀n ọ́n kí omi lè jáde. Ètè Dáre ti dúdú bí ẹ̀lú. Màmá Ìjọ ń gbàdúrà, àwọn ọ̀dọ́ ń sunkún.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," ni mo wí. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

"Ẹ GBÉ E SÍLẸ̀!"

Mo wẹ̀yìn wo ẹni tó kígbe. Kò sí ẹnìkan lẹ́yìn mi. Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá gbé e sílẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo dí imú Dáre. Ẹnu rẹ̀ tutù, ó sì ń ta bí oògùn tí a ń dà sí púùlù. Mo fẹ́ èémí méjì, àyà rẹ̀ gbéra, ó sì rọlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, mo gbọ́ kẹ̀ẹ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Egungun ni. Mo tẹ̀ síwájú.

Nígbà tí mo ti tẹ̀ ẹ́ nígbà bíi mélòó kan, ẹnu rẹ̀ là. Ọ̀fun rẹ̀ dún gúlọ́, bí omi tó ń gba inú páìpù lọ. Orí rẹ̀ gbéra nílẹ̀.

"Halelúyà! Ó ti jí!" Màmá Ìjọ di èjìká mi mú, ó ń fà mí. "Ọmọ yìí, fi í sílẹ̀, ó ti ń mí! Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Mo wo ojú Dáre. Ó là sílẹ̀ sínú oòrùn. Omi kan ṣàn láti orí irun rẹ̀, ó gba orí ẹyinjú rẹ̀ kọjá. Kò ṣẹ́jú.

"Kì í ṣe òun ló ń mí, mà," ni mo wí.

Ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. "Ta wá ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà," mo fi ìgúnpá ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi, èmi tí mo kéré sí àbíkẹ́yìn rẹ̀, mo sì padà sí oókan.

Nígbà tí apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Bọ̀ọ̀dá Ṣọlá kúnlẹ̀ sí òdìkejì. "Síkírá, fi ibi tí mo máa tẹ̀ hàn mí." Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀, mo ń kà, ó ń tẹ̀, èmi sì ń fẹ́ èémí. Mi ò mọ iye ẹẹ́wàá tí mo kà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, nígbà tó yá, Dáre ṣẹ́jú. Ó bì sí ìró mi. A yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó húkọ́, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ọkọ̀ mánẹ́jà ló gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn kan níbi iṣẹ́ kì í bá mi mu nínú ife kan náà mọ́. Wọ́n ní mo ti fẹnu kan ẹnu òkú. Mi ò bá wọn jà. Èmi náà máa ń fọ ẹnu mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó sùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Dáre wá. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìhà.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣẹ́ egungun mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yára di ìhà rẹ̀ mú. Ó jókòó, ó kọjú sí omi. "Kò dùn mí rárá níbẹ̀," ni ó wí. "Ó kàn dé ibi kan, kò wù mí láti mí mọ́. Ọkàn mi balẹ̀. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá ń wẹ̀ nílé báyìí, tí omi bá kan ojú mi, mo máa ń fi ọwọ́ wá àyà mi."

Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo ti mọ̀ kó tó wọ omi, pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó gbọ́.

"Gbogbo wa la mọ omi í wẹ̀," ni ó wí. "Bíi ogún èèyàn la wà níbẹ̀. Kò sí ẹyọ kan nínú wa tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Tí mo bá kó wọn wá, ṣé ẹ máa kọ́ wọn?"

Ó kó wọn wá lóòótọ́. Àǹtí Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ní iṣẹ́ mi ni. Mo dúró níwájú wọn, ọmọláńgidi náà wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ̀yìn wọn ni omi wà, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Màmá Ìjọ ló wà níwájú pátápátá, ó wọ bàtà gogoro àti aago góòlù.

Ìtẹ̀ náà kò ṣeé ṣe lórí ìdúró. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un.

"Ẹ kúnlẹ̀, mà," ni mo wí, ohùn mi sì jáde.

Àwọn ọ̀dọ́ náà wo ara wọn. Màmá Ìjọ wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó tú aago, ó fi lé Dáre lọ́wọ́, ó sì rọra kúnlẹ̀ síwájú mi lórí ilẹ̀ táìlì tó tutù.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ibo ni kí n gbé ọwọ́ lé?"